Bèbè odò kì í ṣe àgbàlá: bí ará ìlú ṣe lè tọ́jú ọ̀nà odò wọn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọdún àkọ́kọ́ tí a bẹ ọ̀wẹ̀ láti tún ọ̀nà odò wa ṣe, ní abúlé kan ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn tó jáde lé ní ọgọ́ta. A mú àdá, a mú ọkọ́, a sì gbá bèbè odò bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbá àgbàlá ọkọ. Èèsún, ọ̀gọ̀rọ̀ kéékèèké, ìtàkùn, gbogbo ohun tó ní ewé la bẹ́ títí dé etí omi. A ya fọ́tò, a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní Àbújá àti Èkó, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án, bèbè yẹn ti wó sínú odò níbi mẹ́ta. Òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá wa ti ń dúró lé fọṣọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ti rì lọ. Ọ̀tá kankan ò ṣe wá. Àdá wa ló ṣe é.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú etí odò, ohun tí kò ní fọwọ́ kàn ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí a ṣe tún un ṣe lẹ́yìn tí ojú ti tì wá. Yálà Òwé ni ọ́ ní Kàbà, tàbí Yàgbà ní Ìsánlú, tàbí Bùnú, tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ń gbé létí odò Ọya gan-an, odò tèmi lè má jọ tìrẹ. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ló ń rọ̀ lé wa lórí láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, iná ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló sì ń jó wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rìn ín kí ẹ tó mú àdá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ rin ọ̀nà náà. Ẹ rìn ín ní oṣù kejì tàbí ìkẹta nígbà tí omi ti fà, tí ara bèbè wà níta. Ẹ tún rìn ín nígbà tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ilẹ̀ tó gbẹ, torí ìgbà yẹn ni omi fúnra rẹ̀ máa ń fi ibi tó ń gbà hàn.

Má dá lọ, má sì kó èrò lọ. Ẹni mẹ́rin tó: ìyá àgbà kan tó ti ń pọnmi níbẹ̀ láti kékeré, ọdẹ kan, ẹnìkan láti inú ìdílé tó ni ilẹ̀, àti ọ̀dọ́ kan tí bátìrì fóònù rẹ̀ ò ní kú lójú ọ̀nà. Ọdẹ mọ ibi tí ejò ń gbé àti ibi tí ẹran ti ń mumi. Ìyá àgbà ni olùkọ́ yín. Tiwa dúró létí omi, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí àárín odò, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn la ti ń sá aṣọ." Àárín omi ni o! Ibi tí odò ti jẹ dé láyé ìyá kan ṣoṣo nìyẹn.

Ohun tí ẹ ó máa wò nìwọ̀nyí. Ibi tí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ibi tí gbòǹgbò igi ti ń ṣe jọ̀rọ̀jọ̀rọ̀ lókè omi. Ibi tí odò ti yípo: etí tó wà lóde ìyípo ni omi ń forí sọ, òun ló máa ń wó, etí inú ni iyanrìn ń jókòó sí, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ibi tí ọ̀nà kan ti di mẹ́ta, torí ẹrẹ̀ wà láàárín, oníkálukú sì ń yà fún un. Ọ̀nà tó fẹ̀ báyẹn, gígé kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni kí ẹ wò sàn, ọ̀nà yóò padà dín fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ìṣísẹ̀. Ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ẹ fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí ara òkúta. Lọ́jọ́ iwájú tí ẹnìkan bá pè pé igi wó, yóò sọ pé "láàárín 3 sí 4", gbogbo yín á sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan nípa igbó tí àwọn baba wa kì í jẹ́ kí a wọ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mọ́sáláṣí, àwọn ọ̀dọ́ kan sì rò pé ìgbàgbọ́ ni kí àwọn fi àdá wọ ibẹ̀. Èmi náà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, igbó yẹn ló kù tó ní igi ńlá létí odò, abẹ́ rẹ̀ ni orísun omi sábà máa ń wà, ibẹ̀ ni omi kì í sì í tètè gbẹ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ní ẹ má wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti dín kù fún yín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ni ilẹ̀?

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà kí ó dì í mú fún ará ìlú, ó sì fi ilẹ̀ ìgbèríko sí abẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Òótọ́ ni. Gbé òfin yẹn lọ bá bàbá tó ń ro oko létí odò, kí o wá wo bí yóò ṣe fi ọkọ́ lé ọ.

Ààfin ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lọ sọ́dọ̀ baálé ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kan odò, kí ẹ sì wá bá ẹni tó ń dáko níbẹ̀ gan-an, torí baálé lè gbà kí àgbẹ̀ má gbà. Fún odò inú abúlé, ẹ fi tó ẹ̀ka ìlera àyíká ìjọba ìbílẹ̀ létí, àwọn wolé-wolé. Bí odò yín bá kan iṣẹ́ ìbomirinlẹ̀ Kampe-Omi ní agbègbè Ẹ̀jìbà, Lower Niger River Basin Development Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi odò, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin ni kí ẹ kọ̀wé sí kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí Ọya, National Inland Waterways Authority, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀nà ojú omi, wà nítòsí yín ní Lọ́kọ́já, ẹ lọ bá wọn.

Kí ni ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀? Ohun méjì: ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 2, àti mítà 10 láti etí odò wọ inú tí kò ní sí ebè, tí kò ní sí oògùn pakopako, èyí tí wọ́n fi ń pa koríko. Mítà 10 kì í ṣe kékeré lójú àgbẹ̀, nítorí ilẹ̀ etí odò ló dára jù fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi iwájú ìjọ dójú tì í. Ẹ ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹ ó fún un: òparun àti ọ̀gọ̀rọ̀ tó bá hù níbẹ̀, tirẹ̀ ni, èso igi tí ẹ bá gbìn, tirẹ̀ ni, ẹ ó sì gbẹ́ ibi tí yóò ti máa bu omi sí oko rẹ̀ láìwó bèbè. Àgbẹ̀ méjì nínú méje kọ̀ fún wa. A fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún kejì, nígbà tí odò jẹ ebè ọ̀kan nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló wá pè wá.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sínú ìwé ojú kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin. Ní ti ààlà, pèrègún àti akòko ni kí ẹ fi pa á. Ẹ gé e, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Kò sí ọmọ Yorùbá tó rí pèrègún lójú ààlà tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ fi pátákó sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí olóṣèlú kan gbé pátákó ńlá sí lẹ́bàá odò pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀, tó sì pín fìlà. Pátákó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà ti di igbó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹni tí yóò padà wá

Ọgọ́ta ènìyàn lọ́jọ́ kan kò tó ènìyàn mẹ́jọ tó ń padà wá lóṣooṣù. Èyí ni mo fi ń bá àwọn ọ̀gá ìlú jà títí di òní, torí wọ́n fẹ́ràn èrò. Ọjọ́ èrò dára fún gbígbé òkúta àti fún gbígbin igi. Ìyókù, ẹ pín in fún agbo ilé: láti nọ́ńbà 1 sí 2, ilé kan, láti 2 sí 3, ilé kejì. Ilé tí kò bá lè wá, kó san owó alágbàṣe. Ó rọrùn fún àwọn ọmọ wa tó wà nílùú ńlá, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀.

Ẹ má mú Sátidé. Nílẹ̀ wa, òkú àti ìyàwó ló ni Sátidé. Ẹ má mú ọjọ́ ọjà, ẹ má mú Jímọ̀. Ọjọ́ kejì ọjà ló bá wa lára mu, aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́yìn náà iyán. Ọ̀wẹ̀ tí kò ní iyán, ìpàdé ni.

Kí àwọn obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe nídìí ìkòkò nìkan. Àwọn ló ń rin ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Kí akápò jẹ́ ẹni tó ń gbé nílé, kí wọ́n sì máa lẹ àkọsílẹ̀ owó mọ́ ara ògiri ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, títí kan owó pákì iṣáná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ ó gé

Ọ̀nà nìkan ni ẹ ó gé. Kó fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì yà fún ara wọn, nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Kó ga tó kí obìnrin tó ru garawa omi kọjá láìbẹ̀rẹ̀. A ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ru garawa tó kún, kó rìn níwájú, ẹ̀ka tó bá kan garawa ni a gé.

Bí ẹ bá ń gé ẹ̀ka igi, ẹ gé e súnmọ́ ara igi, ṣùgbọ́n ẹ má gé wọ inú èèpo ara igi gan-an; ẹ fi ọrùn ẹ̀ka náà sílẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ ti ń dì. Bí ó bá jẹ́ èèsún tàbí igi kékeré, ẹ má fi àdá gé e ní ìdábùú tó ṣe ṣónṣó, ó máa ń gún ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ tàbí kí ẹ hú u.

Láàárín ọ̀nà àti omi, ẹ jáwọ́. Ẹ kàn la ojú ibi mélòó kan tí wọ́n ti ń pọnmi àti tí wọ́n ti ń fọṣọ. Gbòǹgbò èèsún àti ti ọ̀gọ̀rọ̀ ló di bèbè mú bí okùn ṣe ń di ẹrù, koríko náà ló sì ń sẹ́ àgbàrá tó ń bọ̀ láti oko kí ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ má bàa dà sínú odò. Òjìji igi lórí omi ń jẹ́ kí omi tutù, ẹja fẹ́ràn rẹ̀. Igi tó ti wó sínú odò, bí kò bá dí abẹ́ afárá, ẹ fi sílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń sá sí.

Ohun tí ẹ bá gé, ẹ má jù ú sínú omi. Yóò lọ dí afárá ẹlòmíràn. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú sórí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, kó máa dá àgbàrá dúró.

Oògùn pakopako? Rárá o. Ẹni tó bá ní ó yá ju àdá lọ kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa gbòǹgbò pẹ̀lú ewé, òjò àkọ́kọ́ sì ni yóò gbé e wọ omi tí a ń mu. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lé omi kúrò lójú ọ̀nà

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí ni ọ̀pọ̀ ìlú sì ti ń ṣìnà. Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tètè ba ọ̀nà jẹ́. Omi ló ń bà á jẹ́. Ọ̀nà tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti ilé sí odò yóò di gọ́tà láàárín òjò méjì.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ ní ìdábùú. Ìwọ̀n tí a ń lò ni pé kí ọ̀nà má sọ̀ kalẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ lè fi igi mẹ́ta ṣe ohun èlò tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ọ̀pá méjì tó gùn bákan náà, nǹkan bíi mítà 2. Ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn kí ó jìn síra ní mítà kan àbọ̀, kí ẹ so ọ̀pá kẹta mọ́ àárín wọn ní ìbú. Ó ti di lẹ́tà A. Ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀, ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn kí ó rọ̀ kọjá ọ̀pá ìbú. Ẹ gbé e nalẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí okùn ti kan ọ̀pá. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ òsì bọ́ sí ojú ibi tí ti ọ̀tún wà, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú ìdọ́gba: ìgbàkígbà tí okùn bá dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ìpele kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ wá ègé igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ tó wà ní apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Bí okùn bá bọ́ sí ojú ìdọ́gba, ọ̀nà yín ń sọ̀ ní 1 nínú 10 gẹ́lẹ́. Ẹ kan èèkàn, ẹ gbé e síwájú, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá kan èèkàn láti abúlé dé odò. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá ń gbẹ́ ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ kí etí tó wà níhà odò rẹlẹ̀ díẹ̀ ju etí òkè lọ, bíi ìka mẹ́ta nínú mítà 1, kí omi máa ré kọjá ojú ọ̀nà dípò kó máa bá a lọ. Ẹ má kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí etí ìsàlẹ̀ bí ebè. Á sé omi mọ́ inú ọ̀nà. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ 20 sí 30, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà rẹlẹ̀ kí ó sì tún gòkè díẹ̀, bí ẹ̀yìn ràkúnmí. Omi tó bá ti bá ọ̀nà rìn dé ibi tó rẹlẹ̀ yẹn yóò jáde. Ẹ tẹ́ òkúta síbi tó ti ń jáde kó má gbẹ́ kòtò.

Níbi tí kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí ọ̀nà kò fi ní ga jù, ẹ ṣe àtẹ̀gùn. Òkúta ni kí ẹ lò, Ọlọ́run fi òkúta jíǹkí ilẹ̀ wa. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ga ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kí ẹ sì rì í dáadáa, kí ìdajì òkúta wà nínú ilẹ̀. Bí igi ni ẹ ní, ẹ lo apá, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Òparun yóò jẹrà kí ọdún méjì tó pé.

Òkúta ìgbésẹ̀ tí a fi ń sọdá omi: ẹ má fi ẹsẹ̀ ọkùnrin wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tó ru ẹrù rìn lórí iyanrìn, ẹ wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ yẹn ni kí ẹ gbé òkúta sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbin igi

Oṣù kẹfà sí ìkeje ni, kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kí òjò tó dá. Ibi tí odò ti ń forí sọ bèbè ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítòsí omi gan-an, ẹ gbin èèsún ní ìdì-ìdì àti ọ̀gọ̀rọ̀ níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Òparun dára fún etí òde ìyípo, ìdì méjì tó, torí ó ń gba ilẹ̀. Lókè díẹ̀, ẹ gé ìyeyè tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà 1, ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì, yóò hù láìbẹ̀bẹ̀. Ọ̀gànwó tẹ̀lé e, ní mítà 4 sí 5 síra wọn.

Wọn yóò ní kí ẹ gbin tíìkì torí owó. Létí odò, ẹ kọ̀. Abẹ́ tíìkì kì í ní koríko, omi tó ń kán láti ara ewé ńlá rẹ̀ a sì máa gbẹ́ ilẹ̀. Yukalíptọ́ọ̀sì ń mu omi púpọ̀ jù. Kajú, kó wà lẹ́yìn pèrègún, nínú oko olóko.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí ọmọ igi ká.

Ìgbésẹ̀ keje: bí a ó ṣe máa lo omi

Ìlànà wa láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni: omi mímu, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, ọ̀kadà fífọ̀. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, inú wa dùn, àfi ìgbà tí abúlé tó tẹ̀lé wa rán ìránṣẹ́ wá. Ìsàlẹ̀ tiwa ni òkè tiwọn! Àwa méjèèjì jókòó, a gbé ọ̀kadà kúrò létí odò pátápátá, a fún àwọn ọlọ́kadà ní ibi kan lẹ́bàá títì tí omi ọṣẹ yóò ti máa wọ ilẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ rírẹ sínú odò náà kúrò. Omi ẹ̀gẹ́ olóró ni, ó ń pa ẹja. Àwọn ìyá ń rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù báyìí, wọ́n ń da omi rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí odò. Ẹni tó ń fi Gamalin, oògùn apakòkòrò, pẹja, ọ̀rọ̀ ọba ni, ẹ má fi ṣe àwàdà.

Ẹ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ olórí wọn, kí màlúù ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sí omi, tí a tẹ́ òkúta sí. Tiwa gbà, wọ́n sì bá wa gbé òkúta.

Iyanrìn wíwà le jù. Bí tìpà bá ń kó iyanrìn inú odò, ìsàlẹ̀ odò yóò jìn, bèbè tí kò ní ohun tó gbé e ró yóò wó, bí ẹ tilẹ̀ gbin ẹgbẹ̀rún igi. Ní Yàgbà, àwọn tó ń wa góòlù náà ń gbẹ́ etí odò, mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń fọ̀ ọ́ sì burú fún omi. Ẹ má lọ bá wọn jà. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọba kọ̀wé, kí ẹ fi fọ́tò tó ní ọjọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ara yín ńkọ́?

Bàtà òjò ni kí gbogbo ẹni tó ń gé igbó wọ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má so ó pinpin, ẹ má fẹnu fa á. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ náà má mì, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ ti mọ ọsibítù tó ní oògùn ejò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Omi tó dúró, tó ní ìgbín kéékèèké, lè fún ọmọdé ní àtọ̀sí ajá. Níbi tí omi ti ń sáré lórí àpáta, kòkòrò dúdú kékeré wà tí ìjẹ rẹ̀ ń fa àrùn tí ń fọ́ni lójú. Ẹ gba ivermectin, oògùn àrùn náà, nígbà tí wọ́n bá ń pín in. Ká má sì purọ́ fún ara wa, ọ̀rọ̀ ajínigbé wà nínú igbó wa. Kí àwọn ọdẹ kọ́kọ́ lọ wò ó, kí ẹ máa lọ lọ́pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá dúró sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn, àti ìwé kan

Ní oṣù kọkànlá, kí koríko tó gbẹ tán, ẹ ro ojú iná tó fẹ̀ tó mítà 3 sẹ́yìn pèrègún, níhà oko. Ẹ ro ó mọ́ dáadáa. Níbẹ̀, ẹ lè gbá a bí àgbàlá. Igi 200 la gbìn lọ́dún kejì, iná oṣù kìíní jẹ 140 nínú wọn, torí a ní a ó ro ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà létí Ọya, ẹ rántí ọdún 2012 àti 2022 nígbà tí omi wọ Lọ́kọ́já. Ẹ fi ọ̀dà sàmì ibi tí omi dé sára igi tàbí ògiri, kí ẹ má sì ṣe àtẹ̀gùn olówó ńlá sábẹ́ àmì yẹn. Nigeria Hydrological Services Agency, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí omi odò ṣe ń kún, máa ń gbé ìkìlọ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún. Kí ọ̀dọ́ kan máa kà á sí etí ìlú.

Ìwé kíkọ ló kù. Ẹ gbin èèkàn irin síbi mẹ́rin, ní mítà 3 sí etí bèbè. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọjọ́ àti iye sínú ìwé, kí ẹ ya fọ́tò láti ibì kan náà. Èèkàn tiwa tó wà níbi òkúta pẹlẹbẹ ọjọ́sí, mítà 3 ni ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Ní oṣù kọkànlá, mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 90. Ìyá àgbà wa bi mí ní iye tí mo kọ. Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ tún un wọ̀n.